Òwú Tí Ìyá Méjìméjì Tú

Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn Ìyá Méjìméjì lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó wà níbẹ̀. Èmi Àkànó wà níbẹ̀. Ìsọ̀ tí mo ti ń tún aago ṣe ní ọjà Ìgbó-Ọrà nígbà náà kọjú sí ìsọ̀ rẹ̀ gan-an. Bí ó bá sín, èmi ni mo ń kọ́kọ́ kí i ní pẹ̀lẹ́. Mi ò jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé kankan rí. Ara bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, mo sì mọ̀ ọ́n dé ibi pé àwọn tíṣà ń mú lẹ́tà wọn wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi wọ́n, bí ó bá rí ẹni tó kù láyé nínú wọn.

Mùnírátù ni wọ́n sọ obìnrin náà, Àpèkẹ́ sì ni oríkì rẹ̀. Ọmọ Ìbẹ̀rẹ̀kòdó ni. Ó ga, ó dúdú, kì í yára sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń mọ́ tónítóní nítorí pé ẹrù ọmọ ló ń tà. Kò sí ohun tí ọmọ jòjòló ń lò tí kì í sí lórí àtẹ rẹ̀: fìlà wúlù, ìbọ̀sẹ̀, nápukíìnì, ọ̀já, pódà, ṣáálù, abọ́ ìwẹ̀, títí dórí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí ẹyọ kan níbẹ̀. Méjì méjì ló ń fi òwú funfun so gbogbo rẹ̀ pọ̀, bó sì ṣe so ó náà ló ń tà á. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Méjìméjì nìyẹn.

Ìgbó-Ọrà ni a wà, ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan mo ka ìbejì mẹ́tàdínlógójì láàárín ilé mi sí mọ́ṣáláṣí, n ò sì ka àwọn tó wà lẹ́yìn ìyá wọn. Àlejò nìkan ló ń bá a fa ọ̀rọ̀. Mo rántí obìnrin kan tó ti Lánlátẹ̀ wá.

Ó ní, "Ìyá, fìlà kan péré ni mo fẹ́."

"Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ọ̀kan ni."

"Ẹ mú méjèèjì. Bí omi bá pa ọ̀kan, ẹ ó rí ìkejì dé e."

"Bí omi ò bá pa á ńkọ́?"

"Ẹ lọ ra ẹyọ ní ibòmíràn nínú ọjà yìí."

Obìnrin náà fajú ro, ó sì mú méjèèjì. Ọgbọ́n ọjà ni gbogbo wa pè é. Èmi gan-an tí mo ń rí inú aago láì tíì ṣí i, n kò rí inú obìnrin yìí fún ọdún mẹ́sàn-án tí a fi jọ kọjú síra wa.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1972. Tíṣà kan wà nílùú nígbà náà, Zachariah Adéníran, ọmọ Èrúwà. Edith ìyàwó rẹ̀ náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdúgbò Pàkó, Mísìsì ni gbogbo ayé ń pè é. Ọdún kẹfà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn nìyẹn, oyún méjì ló sì ti bà jẹ́ lára Mísìsì. Ẹ̀kẹta ló wá dúró yìí. Ó dúró tó bẹ́ẹ̀ tí ikùn rẹ̀ fi ń kọ́kọ́ yọ ní kọ̀rọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ.

Ó wá sí ìsọ̀ Ìyá Méjìméjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ó ní nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn, òun rí bí ìyàwó ọ̀gá wọn òyìnbó ṣe ṣe é nígbà tó lóyún. Ó kọ gbogbo ohun tí ọmọ máa lò sínú bébà, ó fi bébà náà sí ṣọ́ọ̀bù kan, ẹni tó bá fẹ́ ta ọmọ lọ́rẹ a sì lọ mú nínú rẹ̀.

"Ìyá, nígbà tí ìyàwó Adérógbà bímọ lọ́dún tó kọjá, agolo pódà mọ́kànlá ni wọ́n kó wá. Nápukíìnì kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Aṣọ àlòkù ọkọ rẹ̀ ló gé wẹ́wẹ́ fi nu ọmọ."

Ìyá Méjìméjì ní, "Ọmọ yẹn dán, ẹ̀yin náà rí i."

Mísìsì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Ìyá fi ohùn sílẹ̀.

"Mísìsì, a kì í ra ẹrù de ọmọ tí a ò tíì gbọ́ igbe rẹ̀."

"Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn. Màmá ọkọ mi ti ránṣẹ́ láti Èrúwà pé àwọn ò gbọdọ̀ bá ẹ̀wù ọmọ kankan nílé wa."

Ìyá Méjìméjì na ọwọ́ mú òwú. Nígbà tó máa dáhùn, ọgbọ́n tó dá yìí, mo ṣì ń pọ́n ọn lé títí dòní. Ó ní ẹrù kankan ò ní kúrò lórí àtẹ òun. Ẹni tó bá wá yan nǹkan, òun á so òwú aláwọ̀ onítọ̀hún mọ́ ọn, á sì wà níbẹ̀ títí ọmọ yóò fi ké. Òwú pupa fún ẹnìkan, òwú aró fún ẹlòmíràn. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ó bá ti so òwú, ó parí, kì í gbàgbé. Ẹrù ò ní ṣáájú ọmọ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni méjì ò sì ní ra nǹkan kan náà.

Èmi ni wọ́n pè láti ka bébà náà sókè. Mo kà á: abọ́ ìwẹ̀ kan, ṣáálù kan, nẹ́ẹ̀tì kan, bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan, póò kan tí ọmọ á máa ṣu sí, àti ìgò kan tí wọ́n fi ń wo bí omi ìwẹ̀ ṣe gbóná tó. Mísìsì dúpẹ́, ó lọ.

Kò tíì kọjá ìsọ̀ aláṣọ tí Ìyá fi fà mí mọ́ra.

"Àkànó, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ kà? Kan, kan, kan."

"Wọ́n ní nọ́ọ̀sì sọ pé ẹnìkan ló wà níbẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì wo ló lè rí èyí tó sá pamọ́ sẹ́yìn ìkejì rẹ̀? Ikùn yẹn! Ó sì ti jẹ ọbẹ̀ ìlasa wa, tó ń mú ìbejì wá, fún ọdún mẹ́fà. Àlejò ni wọ́n, wọn ò mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bá wọn tún un ṣe."

Mi ò ní fi ara mi pamọ́. Èmi ni mo fa pẹ́ńsù yọ láti ẹ̀yìn etí, tí mo pa gbogbo "kan" rẹ́, tí mo kọ "méjì" síbẹ̀. Ìkọ̀wé mi sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi rò pé Mísìsì fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ìyá bá ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, gbogbo ohun tí wọ́n rí dé ní méjì méjì. Àwọn ará ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá yan. Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ohun tó bá wù yín lọ kí ọmọ lónìí, ẹ ò mọ ohun tí ojú wa rí. Ní ìlú wa, ẹ̀bùn tí èèyàn bá gbé wá síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á sì gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Nítorí náà kò sí ẹni tí kò fẹ́ mú ohun ńlá. Hàlímọ̀ tó ń tọ́jú yàrá àwọn aláboyún ní ilé ìwòsàn fẹ́ ṣáálù, ó dé, ó bá òwú aró Àkíbù ẹlẹ́ran lára rẹ̀.

"Kí ni alápatà fẹ́ fi ṣáálù ṣe?"

Ìyá dá a lóhùn pé, "Kì í ṣe òun ló máa bò ó, Hàlímọ̀."

"Ẹ tú òwú rẹ̀, ẹ so tèmi."

"Òwú tí mo bá ti so, n kì í tú u."

Hàlímọ̀ fi ìbínú mú abọ́ ìwẹ̀. Èmi ti lọ sí Ìdèrè fún ọjọ́ mẹ́ta láti jí aago ńlá kan tó ti kú láti ayé àwọn bàbá wa. Mo jí i, ó sì ń lù títí dòní fún ẹni tó bá létí. Ṣùgbọ́n kí n tó dé, òwú ti gba gbogbo àtẹ.

"Ìyá, kí ló kù?"

"Póò kù. Ìgò tí wọ́n fi ń wo omi náà kù, ṣùgbọ́n wọn ò rí i ní gbogbo Ìbàdàn."

"Ṣé ìgúnpá àwọn obìnrin ti kú ni, tí a fi nílò ìgò láti wo omi?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Póò ló kù."

"Kí Adérógbà tó ń pe ẹ̀bùn wá dìde níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kó pariwo pé, 'Àkànó alágogo, póò!'"

Ó ní, "Póò méjì." Ó sì so òwú dúdú mi mọ́ wọn.

Ẹni tó wá borí gbogbo wa ni Àlájì Sàláúdéènì. Lọ́rì rẹ̀ ló ń kó ẹrù gbogbo ọjà, òun ló sì ń bá Ìyá Méjìméjì kó tirẹ̀ láti Ìbàdàn láìjẹ́ kí ó pẹ́ lọ́nà rí. Bẹ́ẹ̀dì ló mú. Ó ní kí Yẹ̀kínì káfíńtà kan méjì, kó fín igi rẹ̀ ní òdòdó. Nígbà tí a jáde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ kí ará ọ̀run lè gbọ́: "Bẹ́ẹ̀dì méjì! Èmi Sàláúdéènì! Kí ọmọ tíṣà má sùn sílẹ̀!"

Mísìsì bímọ ní ọjọ́ Túsìdé kan, oòrùn ti gun òkè. Hàlímọ̀ ló sáré wá sọ́jà, gèlè rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká.

"Ó ti bí o! Obìnrin ni! Ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ!"

Gbogbo ọjà hó. Ìyá Méjìméjì dìde dúró.

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ọ̀kan ni, Ìyá."

"Ẹ ò dúró dè é ni. Padà, kó o lọ wò ó."

Hàlímọ̀ padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ó tún dé, ó ní ọ̀kan náà ni. Ní ọjọ́ kejì àwọn ènìyàn ṣì ń bèèrè. Èmi náà bèèrè, mi ò ní purọ́. Ní ọjọ́ kẹta ni ó tó yé gbogbo ìlú pé ẹnìkan ṣoṣo ni Mísìsì bí. Ojú sì ń tì wá bí ẹni pé àwa la dá ẹnìkejì dúró lọ́nà.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá Méjìméjì ní kí n sin òun lọ kí ìyá ọmọ. Ilé dákẹ́ ju bó ti yẹ kí ilé ọmọ tuntun dákẹ́ lọ. Màmá Zachariah ti dé láti Èrúwà, obìnrin kúkurú tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó sì ń di agbọ̀n ẹrù kan. A kí i, ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè.

Mísìsì ló sọ ọ́ fún wa, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Ìyá, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, kì í wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn mi ló máa ń wò. Wọ́n ń wá ìkejì. Wọ́n bi mí bóyá ó kú sínú. Mo ti sin méjì rí láìrí ojú wọn. Ọmọ yìí dá wá, ó pé, ara rẹ̀ le. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nílé mi?"

Ni màmá bá fọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Mo gbọ́ pé méjì méjì ni ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó wá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ."

Ó fa okùn agbọ̀n náà le.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá rí ohunkóhun ní méjì tí wọ́n kó wá fún ọmọ mi, ìyá àti ọmọ, Èrúwà ni wọ́n ó sùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ti di ẹrù wọn tán. N kò ní jẹ́ kí ọmọ mi dàgbà nínú ìlú tó ń bèèrè ẹni tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kó máa rí fìlà tí kò lórí, kó máa rí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kó máa rò pé ẹnìkan ń pe òun ni?"

Zachariah dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó kọjú síta níwájú ìyá rẹ̀. Mísìsì di ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, Ìgbó-Ọrà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ìyá Méjìméjì kúnlẹ̀ níbi tó wà. Ó ní, "Màmá, ẹ fún mi títí di ọjọ́ náà."

A padà sọ́jà. Ó jókòó síwájú àtẹ rẹ̀, ó gbé ìdì kan sórí itan, ó wò ó. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi rí ọwọ́ yẹn, kò tú òwú rí. Ó di òwú funfun mú, ó sì tú u. Ó mú òmíràn, ó tú ìyẹn náà. Abọ́ ìwẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ìkejì lọ sósì. Nígbà tó kan póò mi, ó gbójú sókè wò mí, mo sì fi orí dá a lóhùn pé kí ó máa tú u lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ariwo sọ. Àkíbù ní ẹlẹ́ran kì í gbé ẹ̀bùn ẹyọ jáde, kí ayé má baà ní òun ń ge ẹ̀bùn bí òun ṣe ń ge ẹran. Ìyá bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Ìyàwó Adérógbà gbà. Bí Hàlímọ̀ ṣe dé tirẹ̀, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn. Gbogbo ìkejì ohun tí mo rà lọ́wọ́ yín, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà. Mi ò mọ ibi tí mo lè kó wọn sí."

Ìyá wò ó títí. "Kí ló dé tí ẹnu rẹ ò gbà á láti sọ?"

"Ní Ìgbó-Ọrà?"

Àfi ìgbà tí Àlájì Sàláúdéènì dé. Agbádá rẹ̀ ti wọ ìsọ̀ kí òun tó wọ̀ ọ́.

"Mùnírátù, wọ́n ní o ránṣẹ́ sí Yẹ̀kínì pé kí bẹ́ẹ̀dì kan dúró sọ́dọ̀ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlájì."

"Bẹ́ẹ̀dì ta ni?"

"Tiyín ni, Àlájì."

"Mo ti sọ ọ́ níwájú mọ́ṣáláṣí pé méjì. Ọkùnrin tó ní méjì, tó wá gbé ọ̀kan dé, kí ni wọ́n ó máa pè é?"

"Wọ́n ó máa pè é ní ẹni tó mọ iye ọmọ tí wọ́n bí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló bà á jẹ́. Ojú Àlájì pọ́n.

"Ta ló ń kó ẹrù rẹ láti Ìbàdàn? Ó dára. Bí bẹ́ẹ̀dì mi ò bá pé méjì lọ́jọ́ náà, wá ọkọ̀ mìíràn. Tàbí kó o máa fi orí rù ú."

Gbogbo wa mọ̀ pé bí lọ́rì yẹn bá kọ̀ ọ́, àtẹ rẹ̀ á gbẹ kó tó di oṣù kejì. Èmi ti ń wá gbólóhùn tí mo máa fi là wọ́n, gbólóhùn tí wọn ì bá máa sọ dòní, ṣùgbọ́n Ìyá ti ṣáájú mi.

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni mo fẹ́ sọ."

Kò jókòó, ṣùgbọ́n kò lọ.

"Ìbejì ni mo bí. Ọyẹ́ ọdún náà mú. Mo lọ sí Abẹ́òkúta, mo ní kí wọ́n fún mi ní fìlà wúlù méjì. Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á. Ó ní kí n mú un lọ, pé ìkejì á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mú un. Mo fi dé Táyéwò lórí. Kẹ́hìndé ń wò ó. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni, Àlájì, ṣùgbọ́n ó ń wò ó. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé, ikọ́ ti mú Kẹ́hìndé lọ. Mo padà lọ gba ìkejì fìlà náà. Kò sí orí tí mo lè fi dé."

Ó mú fìlà wúlù kan lórí àtẹ, ó tún un tò.

"Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ kí ohun kan kúrò lọ́wọ́ mi ní ẹyọ. Mo rò pé mò ń tún un ṣe ni. Ọmọ jẹ́ méjì, mo ra ọ̀kan, mo ṣẹ̀. Ọmọ wá jẹ́ ọ̀kan, mo lọ ra méjì. Mo mọ ohun tí ó jẹ́ kí fìlà wà kí orí má sí. Ẹ má jẹ́ kí n gbé e fún obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń mí. Bí ẹ bá fẹ́, kí lọ́rì yín má kó ẹrù mi mọ́. Mo gbà."

Àlájì wò ó. Ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká ọ̀tún, ó ká ti òsì, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, gbogbo wa wà nílé tíṣà. Ènìyàn pọ̀ débi pé àwọn tó dúró sẹ́yìn, ilẹ̀ Ayétẹ̀ tó múlé tì wá ni ẹsẹ̀ wọn wà. Màmá Zachariah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, agbọ̀n ẹrù tó ti dì náà wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fún ọmọ lórúkọ, wọ́n pè é ní Kíkẹ́lọmọ. Adérógbà bá dìde láti pe ẹ̀bùn.

"Àkíbù ẹlẹ́ran, ṣáálù! Ọ̀kan!"

Ojú màmá tẹ̀ lé ṣáálù náà dórí ẹní.

"Hàlímọ̀, abọ́ ìwẹ̀! Ọ̀kan!"

"Àkànó alágogo..." Ó wo inú bébà tí mo fi wé e, ó ní ọ̀fun òun ń gbẹ. "Póò! Ọ̀kan!"

Ẹ̀rín bú jáde. Mo fi àyà gba gbogbo rẹ̀, nítorí Kíkẹ́lọmọ. Bí Adérógbà ṣe ń pè é ni ètè màmá ń mì, ó ń kà á. Ọ̀kan. Ọ̀kan. Ọ̀kan. Ó wá ku bẹ́ẹ̀dì. Àlájì Sàláúdéènì kò tíì dé. Mísìsì ń wo ojú ọ̀nà, Ìyá Méjìméjì ń wo ilẹ̀.

La bá rí i tó yọ láti ọ̀nà ibi iṣẹ́ Yẹ̀kínì. Kò wọ agbádá, kò sì wọ lọ́rì. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, lórí òun fúnra rẹ̀, ọkùnrin tí kò ru igi ìdáná láti ogún ọdún. Òógùn bo ojú rẹ̀. Adérógbà kò mọ ohun tó lè pè.

Àlájì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Mo ní ẹrù méjì ni mo máa gbé wá, n kì í sì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀kan ni bẹ́ẹ̀dì yìí. Ìkejì ni ìtìjú. Mo ti sọ ìyẹn kalẹ̀ lójú ọ̀nà." Ó yíjú sí Ìyá Méjìméjì. "Lọ́rì ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí o bá ní ẹrù, rán ènìyàn."

Màmá Zachariah kọ́kọ́ bo ẹnu, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín obìnrin kúkurú tó ti gbé ìbẹ̀rù fún ọdún mẹ́fà. Mísìsì ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Adérógbà ní, "Ìyá Méjìméjì ò tíì mú tirẹ̀ wá."

Ó bọ́ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ohun kan ṣẹ́kù nínú bébà Mísìsì tí kò sí ní gbogbo Ìbàdàn, ìgò tí wọ́n fi ń wo omi ìwẹ̀. Ìgúnpá mi ni mo mú wá. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, láàárọ̀ láàárọ̀ fún ogójì ọjọ́, èmi ni n ó máa wẹ ọmọ."

Màmá bi í, "Ìgúnpá kan tàbí méjì?"

"Ọ̀kan ni, Màmá."

Ni màmá bá fa agbọ̀n rẹ̀ mọ́ra. Ó tú okùn rẹ̀ lójú gbogbo wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ọmọ ọmọ rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá ṣe ogójì ọjọ́ náà pé, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Òjò ńlá kan rọ̀ lóṣù yẹn tó gbé afárá lọ, mo sì fi ojú mi rí i tó gbé bàtà lọ́wọ́, tó la àgbàrá kọjá lọ sí ibi ìwẹ̀ ọmọ. Gbogbo ìkejì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó to wọn sí apá òsì àtẹ, láìso wọn mọ́ nǹkan kan. Ẹ wá wo bí àwọn obìnrin ṣe ń yọ́ wá! Hàlímọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ó kó ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá dà síbẹ̀. A ò mọ̀ pé àwọn tó ń bí ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ọ̀tún méjì méjì, òsì ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tà á títí tó fi darúgbó. Ohun tó sì ń bi oníbàárà kò yí padà rí: "Ọmọ mélòó lẹ bí?" Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń dúró gbọ́ èsì.

Kí màmá tó padà sí Èrúwà, ó yà sí ìsọ̀ náà. Mo wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ṣáálù kan ní apá òsì.

"Ìyá, ṣé ìkejì èyí tí wọ́n fún Kíkẹ́lọmọ nìyí?"

"Rárá, Màmá. Ṣáálù ni, ó ń wá ọmọ tirẹ̀ ni."

Màmá wò yí ká, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ bá mi so òwú mọ́ ọn. Àbúrò rẹ̀ lè fẹ́ ẹ."

Ìyá Méjìméjì fa òwú funfun yọ, ó so ó mọ́ etí ṣáálù ẹyọ náà.

"Mo ti so ó. Ṣùgbọ́n kò ní kúrò níbí o, Màmá, àfi ìgbà tí a bá gbọ́ igbe."